Òwú Pupa fún Ẹran, Òwú Funfun fún Wàrà

Ẹ̀gbọ́n mi Bulor kò ka òfin oúnjẹ àwa Júù sí nǹkan kan títí di ọdún tí ọmọ rẹ̀ wá kí i láti Jerúsálẹ́mù, tó jókòó sídìí tábìlì ìyá rẹ̀, tó ń jẹ kùkúmbà. Kùkúmbà láàárọ̀, kùkúmbà lọ́sàn-án, kùkúmbà lálẹ́. Bó bá fẹ́ ṣe fàájì, á fi èso ápù kan lé e.

Siyon ni orúkọ ọmọ náà. Ọkùnrin onírùngbọ̀n ni, ó ti níyàwó, ó ti bímọ, àmọ́ òun nìkan ṣoṣo ni Bulor bí. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé báákìṣì síwájú rẹ̀, ìrẹsì elewé tó fi ẹran wẹ́wẹ́ sè. Ní Samakándì wa níbí, òórùn rẹ̀ nìkan tó láti jí ẹni tó ń sùn ní òpópónà kejì. Siyon wo abọ́ náà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Mi ò lè jẹ ẹ́. Ẹran yìí kì í ṣe kóṣà, kò bá òfin oúnjẹ wa mu. Ìkòkò tẹ́ ẹ fi sè é náà kì í ṣe kóṣà."

Bulor gbé abọ́ padà sí ilé ìdáná, ó sì jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọmọ ti wọ ọkọ̀ òfuurufú padà ló tó bú sẹ́kún.

"Mazol," ló pè mí, "àlejò ló wá kí mi, kì í ṣe ọmọ. Ọmọ tí kò lè jẹun nílé ìyá rẹ̀, ọmọ ta nìyẹn?"

Mo ní kó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú kùkúmbà rẹ̀. Inú ń bí mi gidigidi. Ìkòkò tó tọ́ ọ dàgbà ló wá di ohun tó ń yínmú sí! Àmọ́ Bulor ti pinnu, ẹ̀gbọ́n mi yìí, bó bá ti pinnu, ẹ̀yin ẹ kàn lọ wá ibi tẹ́ ẹ máa fara pamọ́ sí. Ó ní kí Siyon tó tún fẹsẹ̀ tẹ àgbàlá yìí, ilé òun á ti di kóṣà, òun á sì fi ojú òun rí i kó jẹun.

Ó lọ bá Rábì Hiyo ní sínágọ́gù. Ohun tí rábì sọ fún un kò pọ̀. Ẹran tí ẹni wa tó mọ̀ ọ́n pa bá pa ni kó máa rà. Ẹran àti wàrà kò gbọdọ̀ pàdé, ì báà ṣe nínú ìkòkò, ì báà ṣe lórí àwo, ì báà ṣe nínú ikùn. Kó ri àwọn irin rẹ̀ bọ omi híhó, kó sì ri àwo àti irin bọ odò. Ó tán. Ẹni tó lórí pípé á gbọ́ èyí, á lọ ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́. Bulor gbọ́ ọ, ó sì sọ gbogbo wa di wèrè.

Ẹni tó kọ́kọ́ jìyà rẹ̀ ni Neriyo ọkọ rẹ̀. Onígbàjámọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ohun kan ṣoṣo tó sì ń bá Ọlọ́run tọrọ láyé ni wàrà kíkan. Ó ń dà á sórí ẹran, ó ń dà á sínú ọbẹ̀, mo sì ti rí i tó dà á sórí ẹyin rí.

"Ìyá Siyon, wàrà mi dà?"

"Ẹran lẹ jẹ lónìí, Bàbá Siyon. Wàrà di ọ̀la."

"Kí ni ẹran ṣe fún wàrà? Ṣé wọ́n jà ni?"

"Wọn ò jà. Ọlọ́run ló ní kí wọ́n má pàdé."

"Ọlọ́run mọ̀ mí," ni Neriyo wí. "Láti kékeré ló ti mọ̀ mí. Kò bá mi sọ ọ́ rí."

Nígbà tó rí i pé ẹ̀bẹ̀ kò wọlé, ó dìde, ó gbé abọ́ wàrà rẹ̀ dání. "Ó dáa. Bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ méjì ló wà nílé yìí, èmi wà nínú ẹgbẹ́ wàrà." Ó jáde lọ jókòó sábẹ́ igi èso tó wà láàárín àgbàlá. Láti ọjọ́ yẹn, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Ẹran kò kàn án mọ́.

Bulor wá fi òwú sàmì sí gbogbo ohun tó wà nílé ìdáná, pupa fún ẹran, funfun fún wàrà. Òwú funfun ló rà. Òwú pupa, súwẹ́tà Neriyo ló tú. Ọkùnrin yìí wá súwẹ́tà rẹ̀ títí, nígbà tó máa rí i, ó ti wà létí ìkòkò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó káwọ́ gbera. Ó ní, "Ìkòkò ń wọ súwẹ́tà, èmi ń gbọ̀n." Bulor ní kó má fa atẹ́gùn wọlé.

Ó kan ọ̀bẹ. Àwọn ìyá wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀bẹ tó ti gé èèwọ̀, ilẹ̀ ni wọ́n ń gún un mọ́ léraléra títí yóò fi mọ́. Bulor gún ọ̀bẹ mọ́lẹ̀. Nígbà tó ṣe é tán, ó tún rò ó pé bí ilẹ̀ bá dára fún ọ̀bẹ, yóò dára fún fọ́ọ̀kì, yóò sì dára fún ṣíbí. Kò tún rí ìdí tí kò fi ní fi wọ́n síbẹ̀ kí ilẹ̀ náà ráyè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ṣíbí ilé ti dúró lórí ebè àlùbọ́sà Neriyo, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, Neriyo sì gbé kẹ́tùlù dání, ó ń bomi rin wọ́n.

"Kí lẹ̀ ń ṣe, Ẹ̀gbọ́n?"

"Mo ń tọ́jú oko ni. Bí òjò bá bá wa ṣe é, a ó kórè àwọn ìgbakọ."

Èyí tó burú jù ni ti eyín. Bí gbogbo àgbà ọkùnrin tó bọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀ níbí, Neriyo ní eyín wúrà, òkè àti ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo rí Bulor tó ń wo ẹnu ọkọ rẹ̀ ní ìwòkuwò.

"Bàbá Siyon, ẹ lanu."

"Kí ló dé?"

"Wúrà, ṣé irin ni àbí kì í ṣe irin?"

Neriyo pa ẹnu rẹ̀ dé wàì. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

"Bó bá jẹ́ irin," ni Bulor ń bá a lọ, "ẹran àti wàrà ló ti ń jẹ pọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi sẹ́nu yín. Rábì sì ti sọ ọ́, irin tó bá ti gba èèwọ̀ sára, omi híhó ni wọ́n ń rì í bọ̀."

Ọkọ rẹ̀ kò lanu ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Orí ló fi ń kí èèyàn. Bulor fúnra rẹ̀ ló lọ bi rábì bóyá ó pọn dandan kí ọkọ òun ní eyín méjì-méjì, ti ẹran lọ́tọ̀, ti wàrà lọ́tọ̀. Rábì Hiyo rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní kó lọ fi ẹnu ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, pé tíì gbígbóná tí bàbá yẹn ń mu lójoojúmọ́ ti tó fún eyín.

A kó àwọn ohun èlò lọ sí odò Siyob. Èmi ni mo ru èyí tó wúwo, ta ni ì bá tún rù ú? Rábì ní kó ri àwo àti irin bọ omi, kò mẹ́nu kan igi. Bulor ri igi náà. Bó ṣe ju ìgbakọ onígi sómi báyìí, omi gbé e, ó di gbéregbère. Mo sáré tẹ̀ lé e létí odò, mo ń pariwo, "Ó ń lọ o! Ẹ bá mi mú un! Ó ń lọ o!" Ọkùnrin kan tó ń kọjá ju kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ́ sómi tòun ti ṣòkòtò àti bàtà.

"Níbo ló wà? Ọmọ ta ni?"

"Ìgbakọ ni," ni mo dá a lóhùn.

Ó dìde nínú omi, ìgbakọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sí mi. Mi ò ní tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ìyá mi wà nínú rẹ̀.

Gbogbo ìyẹn kò le. Ohun tó le ni ti Oyniso.

Oyniso ni aládùúgbò wa, Mùsùlùmí ni, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti Bulor. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jẹ́ ìyàwó tuntun ni wọ́n ti ń gbé abọ́ fún ara wọn lórí ògiri yẹn. Ní àdúgbò wa, abọ́ kì í padà lófìfo. Ẹni tó bá dá abọ́ aládùúgbò padà lófìfo, ó sàn kó kúkú sọ òkò lù ú. Oyniso sì ní màlúù. Bí Bulor bá gbé ọbẹ̀ ẹran fún un nínú abọ́ olówùú pupa, kó tó di ìrọ̀lẹ́, abọ́ olówùú pupa á padà dé, ọ̀rá wàrà á kún inú rẹ̀ dé ẹnu.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bulor á gba abọ́, á dúpẹ́, á wọlé, á sunkún díẹ̀, á gbé ọ̀rá wàrà fún Neriyo lábẹ́ igi, á wá já òwú pupa kúrò, á so funfun mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa di ìgbà tí yìnyín yọ́, abọ́ ẹran kò ju méjì lọ mọ́ nílé. Ẹgbẹ́ wàrà ti borí. Neriyo ń sanra, ojú rẹ̀ ń dán.

"Lọ sọ fún obìnrin yìí!" ni mo wí.

"Kí ni kí n sọ? Pé ọ̀rá wàrà rẹ̀ ń ba abọ́ mi jẹ́? Oyniso tó dì mí mú nígbà tí mò ń rọbí Siyon?"

Ó rò ó títí, ó dá ọgbọ́n kan. Ó fi ewé kábéèjì di ẹran, ó gbé e kọjá lórí ògiri. Kò pẹ́ tí orí Oyniso fi yọ.

"Ìyá Siyon, ṣé mo ti di ewúrẹ́ ni?"

Bulor tọrọ àforíjì, ó sì fi abọ́ gbé òmíràn fún un. Ẹ mọ ohun tó bá abọ́ náà bọ̀.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe wà tí Siyon fi ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Ara Bulor kò balẹ̀ mọ́. Báákìṣì ló fẹ́ sè, ìkòkò kan ṣoṣo ló sì máa ń bá a sè é dáadáa, ìkòkò irin ńlá tí ìyá wa fi sílẹ̀. Ó ti wẹ̀ ẹ́ mọ́, ó ti so ó ní pupa, ó ti fi aṣọ bò ó. Ni Oyniso bá wá yá a. Ó fẹ́ se omi tí yóò fi fọ irun àgùntàn tí wọ́n ń kì sínú bẹ́ẹ̀dì. "Omi lásán ni, Ìyá Siyon." Bulor rò ó: omi kì í ṣe ẹran, omi kì í ṣe wàrà. Ó yá a. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó fi ojú pa mí lẹ́nu mọ́.

Oyniso kò purọ́. Omi nìkan ló sè nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Siyon ń bọ̀ gan-an, láàárọ̀, ni mo gbọ́ tí bárò ń dún kírìkírì lẹ́nu ọ̀nà. Oyniso ló ń tì í bọ̀, ìkòkò ìyá wa wà nínú rẹ̀, èéfín ń rú lókè rẹ̀.

"Ìyá Siyon! Ṣé màá dá ìkòkò padà lófìfo lọ́jọ́ tí ọmọ wa ń bọ̀? Mo rántí pé ìrẹsì oníwàrà mi ló fẹ́ràn jù nígbà tó kéré. Mo sè é kún un!"

Bulor rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó kàn ń wo òwú pupa tó wà létí ìkòkò náà, tí wàrà ti kán sí.

"Kí ló ṣe é?" Oyniso ń wo èmi. "Ṣé ẹnìkan kú ni?"

Ó sú mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí kùkúmbà títí dé orí ewé kábéèjì, mi ò sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́.

Oyniso ní, "Gbogbo ọ̀rá wàrà tí mo ti ń gbé wá láti ìgbà òtútù ńkọ́?"

Gbogbo wa yíjú sí abẹ́ igi. Neriyo nu ẹnu rẹ̀.

"Kò sí èyí tó ṣòfò," ló wí.

"Bulor!" Oyniso pè é lórúkọ, èyí tí kò ṣe rí. "Láti ìgbà ìyàwó la ti jọ ń gbé, o wá ń tijú láti sọ fún mi pé o ní èèwọ̀? Ṣé èmi náà ò ní èèwọ̀ ni? Ṣé o rí mi tí mo jẹ ẹlẹ́dẹ̀ rí? Bí tiyín ṣe wà ni tiwa náà wà, ẹ̀fọ́rí nìkan lẹ fi kún tiyín!"

"Ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́ kíákíá," ni mo wí. "Ìkòkò ò lẹ́nu. Ta ló máa sọ fún Siyon?"

Bulor gbójú sókè wò mí. "Mazol, bí mo bá fi irọ́ bọ́ ọ, kò tíì jẹun lọ́dọ̀ mi nìyẹn."

Mo ki eré mọ́lẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Rábì Hiyo. Ó fẹ́ wẹ̀ ni, táwẹ́lì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ó ní, "Iná. Kí ẹ dáná sí ìkòkò náà lófìfo títí tí koríko tẹ́ ẹ bá fi kàn án yóò fi gbiná. Kí Bulor fúnra rẹ̀ dá iná ọ̀hún, Júù ló gbọ́dọ̀ ṣáná sí oúnjẹ wa." Mo tún sáré padà. Ọjọ́ orí mi kì í ṣe ti eré mọ́, kí ẹ mọ̀.

A kó ìrẹsì oníwàrà náà sínú gbogbo ohun tó ní òwú funfun nílé, a sì tò wọ́n yí Neriyo ká. Ó gba ṣíbí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Ogun yìí, mo ti múra sílẹ̀ fún un."

Bulor ṣáná. A kó igi sí i, a kó pákó sí i, nígbà tí kò tó, a kó àga ìgbàjámọ̀ Neriyo tó ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ sí i. Ó fẹ́ bá wa jà, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kún. Oyniso fi yẹ̀rì rẹ̀ ń fẹ́ iná, ó ń bú wa, ó ń fẹ́ iná, ó ní òun ò rí aláìnírònú bíi tiwa rí. Bulor mú koríko, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi kan ara ìkòkò. Kò ràn. A tún kó igi. Kò ràn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló ràn pẹ̀lú gbogbo irun ojú Bulor. A pariwo ayọ̀ débi pé adìẹ fò gorí òrùlé.

Báákìṣì ń hó lórí iná nígbà tí Siyon ti ẹnu ọ̀nà wọlé pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Ó bá obìnrin mẹ́ta tí ojú wọn dúdú bí ìdí ìkòkò, ó bá bàbá rẹ̀ tí wàrà gba irùngbọ̀n rẹ̀ kan láàárín abọ́ bí ogún.

"Ṣé ilé jó ni?"

"Rárá," ni Neriyo wí. "Kóṣà ló dà."

Kí ọmọ tó jókòó ni Bulor ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ìrẹsì oníwàrà, ti ìkòkò, ti iná. Kò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo fà á lápá pé kó dákẹ́, apá fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Siyon gbọ́ ọ dópin.

"Ta ló pa ẹran?"

"Ẹni wa ni."

"Ta ló dáná?"

"Wo irun ojú mi," ni Bulor wí. "Dà á?"

Siyon wo ojú ìyá rẹ̀ títí. Ó lọ fọwọ́, ó súre sí oúnjẹ, ó jókòó, ó sì jẹ báákìṣì. Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Bulor ń fi ojú sin ṣíbí kọ̀ọ̀kan láti àwo dé ẹnu ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà parí, ó ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú àwo, ó nu ẹnu, ó ní, "Ó dùn, Màmá. Ẹ ṣeun, a dúpẹ́ púpọ̀." Bí àlejò ṣe ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Bulor gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì rí i pé kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọmọ ti jẹun, àlejò ló ṣì jẹ́.

Siyon jáde lọ bá bàbá rẹ̀ lábẹ́ igi. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ta ló kú àti ta ló kó lọ. Neriyo ń fi búrẹ́dì run wàrà kíkan bó ṣe máa ń ṣe. Siyon ń sọ̀rọ̀ lọ, kò wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó já búrẹ́dì, ó nawọ́ sínú abọ́ bàbá rẹ̀ bó ṣe ń ṣe nígbà tí kò tíì ju àga lọ. Neriyo rí i. Ó rọra ti abọ́ náà sún mọ́ ọn.

Ó ku díẹ̀ kí búrẹ́dì náà kan wàrà ni mo gbọ́ pàì!

Mi ò mọ ìgbà tí Bulor débẹ̀. Ó ti gbá ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, búrẹ́dì ti fò dà nù.

"Aláìgbọràn! Ẹran ṣì wà láàárín eyín rẹ!"

Mo rò pé ó ti bàjẹ́, pé ọkùnrin ńlá yìí á dìde, á gbé àpótí rẹ̀. Siyon ń wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ tó ti pọ́n. Irùngbọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, omijé wá tẹ̀ lé e.

"Màmá, ẹ gbá mi."

"Mo gbá ọ! Tó o bá tún nawọ́ síbẹ̀, màá tún gbá ọ! Ilé tí mo fi irun ojú mi tún ṣe, o fẹ́ fi búrẹ́dì bà á jẹ́?"

"Ebi ló ń pa mí," ni Siyon wí, ó ń nu ojú. "Báákìṣì yẹn, ṣé ó kù?"

"Ebi! Nígbà tó o wà nídìí oúnjẹ, ṣé ẹnu dùn ọ́ ni? Ò ń dúpẹ́, ò ń dúpẹ́, bí ẹni tó wá gba ìbò!"

Ó yíjú padà, ó ń bú u títí ó fi dé ilé ìdáná, ó ń bú u bó ṣe ń bu ìrẹsì, ó sì gbé abọ́ kíkún jáde, ó ṣì ń bú u. Siyon tẹ́wọ́ gbà á, ó ń jẹ, ó ń gbọ́ èébú.